Ìbọn Kì Í Wo Àìsàn: Ọ̀nà Méjì tí A Ti Tọ̀ Lórí Egbòogi Olóró

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 1985, àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní ìlú Èkó. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kọ́ ni wọ́n fi kàn wọ́n, ti olè kọ́ sì ni. Egbòogi olóró ni. Òfin tí ó dájọ́ ikú fún wọn, ìyẹn òfin ológun nọ́ńbà 20 ti ọdún 1984, jáde lẹ́yìn tí ọwọ́ ìjọba ti tẹ ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán. Ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari kàn sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà sẹ́yìn ni, kí ó lè ká ẹni tí ó ti ṣẹ̀ kí òfin tó dé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Àbújá fọwọ́ sí àbá kan tí yóò sọ ẹ̀wọ̀n gbére tí ó wà fún àwọn oníṣòwò egbòogi olóró di ìdájọ́ ikú. Ọdún 39 ni ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí ìbọn ọdún 1985 dún ti di òbí ọmọ báyìí, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a sì tún padà dé. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú ilé ìgbìmọ̀ náà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ìbọn tí a yìn ní 1985, àìsàn wo ni ó wò?

Ìdáhùn mi ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ. Láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ sọ́jà, ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n kọjá. Èkejì gba abúlé kan nítòsí Abẹ́òkúta kọjá. Ti àkọ́kọ́ ni a ń tọ̀ láti ìgbà náà, a kò sì tíì dé ibi kankan. Ti èkejì, àwa fúnra wa ni a là á, a sì pa á tì kí igbó tó bò ó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ti èkejì yìí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró. Ní ayé ìgbà náà, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ni kí a kó wọn sínú ọgbà, kí a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Lámbò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Àró ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé wọn. Ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá, bóyá ìyá, bóyá ẹ̀gbọ́n, bóyá ìyàwó. Ẹni náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé aláìsàn kì í ṣe ọpọlọ nìkan. Ọmọ ẹnìkan ni, ará ibìkan ni. Gbogbo àgbáyé wá wo Àró. Lẹ́yìn náà ni Lámbò di igbá-kejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àwọn dókítà Àró kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ egbòogi olóró. Ní 1964, Dókítà Tọ́lání Àṣùní, ẹni tí ó gba ipò Lámbò ní Àró, tẹ ìwádìí jáde lórí igbó mímu ní Nàìjíríà. Ní 1965, Lámbò fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ lórí bí òògùn ṣe ń di bárakú sí àwọn ènìyàn lára ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Inú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tẹ̀ lórí irú òògùn bẹ́ẹ̀ ni méjèèjì ti jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni òye: ta ni ń lò ó, kí ni ó gbé e débẹ̀, kí ni a lè ṣe fún un?

Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn ológun gba ìjọba. Òfin igbó tí wọ́n gbé jáde ní 1966 kò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin igbó, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tí ó bá fà á, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni ó dojú kọ. Báyìí ni a ṣe kúrò ní ọ̀nà Àró kí a tó rìn ín jìnnà.

Láti ìgbà náà, òfin wa ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn bí okùn àgógó. Ní 1975, wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò nínú òfin igbó, ẹ̀wọ̀n ẹni tí ń fà á sì wálẹ̀ sí oṣù mẹ́fà. Ní 1984, ikú padà dé, torí pé Èkó ti di ọ̀nà tí heroin láti Éṣíà àti cocaine láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń gbà kọjá lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 1986, ìjọba Babangida tún yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1989 ni òfin nọ́ńbà 48 dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Nínú òfin yìí, ẹni tí wọ́n bá ká heroin mọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó ń lò ó, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ya ẹni tí ń ta gbánà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí gbánà ti sọ di ẹrú. Ọgbà kan náà ni ó ní kí a kó àwọn méjèèjì sí.

Bí òfin ti ń fì, bẹ́ẹ̀ ni òògùn náà ń pààrọ̀ aṣọ. Èyí tí ó gbòde lónìí kì í wọ ìlú nínú àpò ìkọ̀kọ̀ nìkan. Orí igbá ni ó wà, nínú páálí tí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí, ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta òògùn ibà àti òògùn ẹ̀fọ́rí. Tramadol ni mo ń wí, àti omi òògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú. Òògùn apàrora ni àwọn méjèèjì, ìbátan morphine àti heroin sì ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ Jámánì kan ni ó kọ́kọ́ gbé tramadol sí ọjà ní 1977. Ìwọ̀n tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà kò ju mílígíráàmù 100 lọ nínú hóró kan. Èyí tí wọ́n ń kó wọlé ní fàyàwọ́ láti Íńdíà a máa tó 200, a máa tó 225, a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn wo ni ń lò ó? Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ìpáǹle nìkan ni, kò tíì wo ìlú yìí dáadáa. Ọlọ́kadà tí ó ní láti kó owó ọlọ́kadà fún ẹni tí ó ni máṣínnì ń lò ó, kí ẹ̀yìn má bàa máa dùn ún. Awakọ̀ tí ń fi òru wakọ̀ lọ sí Òkè Ọya ń lò ó. Alábàárù ń lò ó, ẹni tí ń gbé bíríkì ń lò ó, àgbẹ̀ ń lò ó. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń lò ó torí ohun tí wọ́n gbọ́ pé ó ń ṣe lórí ibùsùn. Ìrora ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀, ìrora ara tàbí ti ọkàn, nítorí iṣẹ́ wọn le ju agbára wọn lọ.

Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ara yóò mọ́ òògùn náà lára, hóró kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ àfi méjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí, ara á máa gbọ̀n, imú á máa ṣomi, inú á máa lọ́, egungun á máa ro, oorun á fò lọ. Ẹni náà kò wá ìgbádùn mọ́ nígbà yẹn. Ó ń sá fún ìyà ni. Bí ó bá wá lò ó jù, wárápá lè gbé e, tàbí kí èémí rẹ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dúró. Èyí ni bárakú. Kì í ṣe ọ̀ràn àìgbọ́ràn tí pàṣán lè wò.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ayé ni oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí BBC gbé fíìmù ìwádìí jáde lórí òwò codeine. Ṣáájú ìgbà náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti pariwo pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ìgò omi òògùn codeine tí wọ́n ń mu lójúmọ́ ní ìpínlẹ̀ Kánò àti Jígáwá nìkan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó codeine wọlé àti fífi í ṣe omi òògùn ikọ́. NAFDAC ti ilé-iṣẹ́ òògùn mẹ́ta ní Èkó àti Ìlọrin pa. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n a gbàgbé ohun kan. Ní ọjọ́ tí a ti ọ̀nà codeine, kí ni a pèsè fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ codeine? A kò ṣí ilé ìtọ́jú sí i. Omi tí a dí ní ojú kan sì gba ibòmíràn. Tramadol ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìwádìí BBC mìíràn fi hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń fi òògùn tuntun ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èyí tí ó po tapentadol pọ̀ mọ́ carisoprodol. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ pè, ó ti wọ ìgboro.

Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé. Láti 1996 ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi òògùn apàrora tí ń jẹ́ OxyContin kún ọwọ́ àwọn dókítà, tí ó ń sọ fún wọn pé kì í tètè di bárakú. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ náà gbà nílé ẹjọ́ pé òun ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, ó sì san owó tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí ìjọba wá fún òògùn náà mọ́ra, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti di bárakú fún yí sí heroin, heroin sì yọrí sí fentanyl tí ó le jù ú lọ fíìfíì. Nígbà tí ó di 2021, àwọn tí àpọ̀jù òògùn ń pa ní Amẹ́ríkà ti ju 100,000 lọ lọ́dún kan. A kò lè sọ pé Amẹ́ríkà kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ UNODC àti àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ tẹ èsì ìwádìí jáde nípa Nàìjíríà. Mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo òògùn lọ́nà àìtọ́ láàárín ọdún kan; a kò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn ni ó lo àwọn òògùn apàrora tí mo ń sọ. Bí a bá ka gbogbo egbòogi pọ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni ó léwájú: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù, ìdá 33 ní Èkó. Nínú àwọn tí òògùn ti wọ̀ lẹ́wù jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó sọ pé àwọn ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò sá fún ìwòsàn. Owó ìtọ́jú ni kò sí, ibi ìtọ́jú jìnnà, ìtìjú sì dì wọ́n mú.

Níbi tí ìjọba kò bá sí, ẹlòmíràn yóò gba àyè náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan ní agbègbè Òjòó ní Ìbàdàn, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, tí wọ́n tì mọ́lé lórúkọ àtúnṣe ìwà. Wọ́n bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná ní oṣù méjì ṣáájú. Ta ni ó kó wọn lọ síbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òbí wọn ni. Kì í ṣe pé àwọn òbí náà kórìíra ọmọ wọn. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti ta tẹlifíṣọ̀n ilé nítorí tramadol, tí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá gbé e, tí kò sì ní owó ilé ìwòsàn, níbo ni kí ó gbé e gbà? Ìbàdàn kò jìnnà sí Àró. Ìrìn-àjò wákàtí díẹ̀ ni. Síbẹ̀ ọdún 65 lẹ́yìn tí Lámbò ti fi hàn wá pé a lè wo aláìsàn láìdè é, ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ni a tún padà sí.

Àwa oníròyìn náà pín nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí mo wà nílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, irú àkọlé kan wà tí kì í tán lọ́wọ́ wa: ọwọ́ tẹ ẹni báyìí pẹ̀lú ìwọ̀n egbòogi báyìí. A ó ya fọ́tò rẹ̀ bí ó ti jókòó sílẹ̀ níwájú ẹrù òfin, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. N kò rántí ìgbà kan tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún kan láti béèrè ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. A kọ ìtàn ìmúni, a kò kọ ìtàn ìwòsàn. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà bí àwọn òǹkàwé wa bá rò pé ìmúni ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà.

Ẹlòmíràn lè wí pé àlá ni ohun tí mo ń sọ, pé bárakú kò ní ìwòsàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a wo ìlú kan tí ó ti wà nínú irú ẹrẹ̀ yìí rí. Ìlú Zürich ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì lówó, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí ń gún heroin sára ń péjọ ní gbangba nínú ọgbà kan tí ń jẹ́ Platzspitz, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ìlú náà. Wọ́n ń kú níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò sì ń tan àrùn éèdì kálẹ̀. Ní 1992, ọlọ́pàá ti ọgbà náà pa. Àwọn ènìyàn náà kò pòórá. Wọ́n kó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kan tí a ti pa tì, Letten, títí wọ́n fi tún lé wọn níbẹ̀ ní 1995.

Ìgbà tí lílé kò tán an ni ìjọba wọn ronú sí i. Wọ́n gbé ètò kalẹ̀ lórí òpó mẹ́rin: ìdènà, ìtọ́jú, dídín ewu kù, àti ọlọ́pàá. Dókítà ń fún àwọn aláìsàn ní methadone, òògùn tí ń jẹ́ kí ara balẹ̀ kí ẹni náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti 1994, àwọn tí methadone kò ràn ń gba heroin gan-an ní ilé ìwòsàn, lábẹ́ ojú dókítà àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n pèsè abẹ́rẹ́ mímọ́ àti ibùsùn. Ọlọ́pàá kò sì káwọ́ gbera. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n dojú kọ. Ẹ wo èsì rẹ̀: ní 1990, nǹkan bí 850 ènìyàn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo heroin ní Zürich; ní 2002, iye náà ti wálẹ̀ sí 150. Àwọn olùwádìí rò pé nígbà tí heroin di ohun tí aláìsàn ń gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, iyì rẹ̀ wọmi lójú àwọn ọ̀dọ́. Ní 2008, ìjọba gbé ètò náà síwájú àwọn ará ìlú láti dìbò. Ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i.

N kò sọ pé kí a gbé Zürich wá sí Òjòó. Owó wọn kì í ṣe owó wa, tramadol kì í sì í ṣe heroin. N kò sì sọ pé kí a fi orí ji àwọn oníṣòwò. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó hóró 225 wọlé mọ ohun tí ó ń ṣe, ó sì yẹ kí òfin kì í mọ́lẹ̀, òun àti òṣìṣẹ́ ibodè tí ó fojú fo ẹrù rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Láti 1966 ni a ti ń lo ọwọ́ òsì. Ọ̀tún wa dà?

Ọwọ́ ọ̀tún náà kò ṣòro láti júwe. Kí a tún òfin 1989 ṣe, kí ẹni tí ń lò ó má ṣe jọ ẹni tí ń tà á lójú adájọ́. Kí ìtọ́jú bárakú wọ ilé ìwòsàn ìjọba ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ètò adójútòfò ìlera sì gbé owó rẹ̀. Láti 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ methadone àti buprenorphine mọ́ àwọn òògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Kí naloxone, tí ń dá èémí padà fún ẹni tí àpọ̀jù òògùn apàrora ti fẹ́ pa, wà ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kí a kọ́ àwọn tí ń ta òògùn ní àdúgbò láti dá ẹni tí òògùn ti di bárakú fún mọ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò júwe fún un. Àwọn ilé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, títì ni kí a tì wọ́n, ṣùgbọ́n kí ibòmíràn ti wà fún ìyá tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá.

Nínú gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe gbàgbé ẹnì kan tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń jẹ egungun rẹ̀ nílò morphine kí ó tó lè sùn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí morphine ìwòsàn kéré sí jù ní àgbáyé. Ẹ̀rù òfin wà lára ohun tí ó fà á: dókítà ń bẹ̀rù láti kọ ọ́, ilé ìwòsàn ń bẹ̀rù láti tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí a bá ń fi ìbínú nìkan ṣe òfin, ọ̀dọ́ tí ó wà ní ìgboro yóò rí òògùn tirẹ̀ rà, ìyá àgbà tí ó wà lórí ibùsùn ni kò ní rí i.

Àwọn aṣòfin tí ó fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú ní 2024 kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú wọn ń rí ohun tí ojú gbogbo wa ń rí ní àdúgbò, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ṣe òfin fún wa ní 1966, ó tún ṣe é ní 1984, a sì ti rí ohun tí ó bí. Àró ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí egbòogi ti di bárakú fún níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí Lámbò mọ̀ ní 1954 kò tíì yí padà: aláìsàn a máa yá kíákíá bí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bá ń se ọbẹ̀ nítòsí.